Sinimá Ogun tí Mo Túmọ̀ fún Bàbá Mi

Mi ò tíì rí ìrànù tó gùn tó sinimá ogun àwọn ará Rọ́ṣíà tí wọ́n gbé wá sí Savalou lọ́dún náà. Ìrànù ni mo pè é, mi ò sì ní yí i padà. Odindi wákàtí mẹ́rin! Apá kìíní péré sì nìyẹn o. Wọ́n ní apá kejì ṣì wà ní Kùtọnu, pé yóò dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò dé títí di òní, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yòówù tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ayé Rẹfolúsíọ̀n la wà nígbà yẹn. Àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba ti sọ gbogbo wa di kamarádì, bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá ìgbà yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín: láàárọ̀, kí á tó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, a ó kọ́kọ́ tò sí gbangba, a ó na ìkúùkù sókè, a ó lọgun pé a ti ṣe tán. Kí la ṣe tán láti ṣe? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Èmi náà ń na tèmi. Tíṣà ìjọba ni mí ní Savalou, ọmọ Bantè ni mí, àwọn sisita Kátólíìkì ló sì tọ́ mi dàgbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹnu dáhùn ohun tí ọkàn mi ò gbà.

Kamarádì tó jẹ́ olórí ìpolongo ní Savalou ló gbé sinimá náà wá. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Òun ló máa ń gbé tùràrí tẹ̀lé fadá, tó ń yan káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé òun ló ni Olúwa. Nígbà tí Rẹfolúsíọ̀n dé, ó ní kò sí Ọlọ́run mọ́. Àmọ́ bí àrá bá sán, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí iwájú orí, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, kó tó rántí ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ la ojú wa. Nísinsìnyí tí Rẹfolúsíọ̀n ti kú, ó ti padà sí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tilẹ̀ tì í lójú.

Ó ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù máa kó àwọn àgbẹ̀ wá láti Bantè, láti Agoua àti láti Lougba, kí wọ́n wá wo bí àwọn èèyàn ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣe lé ọ̀tá kúrò lórí ilẹ̀ wọn láyé àtijọ́. Ó ní Faransé ni sinimá náà ń sọ, èdè Ìṣà nìkan ni àwọn ará Bantè sì gbọ́, nítorí náà èmi ni kí n túmọ̀ fún wọn. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Màhì fún àwọn ará Savalou.

Mo gbà. Ìgbéraga ló jẹ́ kí n gbà, kí n má parọ́. Mo ti ka ìwé tí wọ́n ti yọ sinimá náà, tàbí kí n sọ pé mo ka ìdajì rẹ̀. Ìwé ńlá kan ni, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń yangàn. Àwọn sisita ní ìdì kìíní nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Ikán ti jẹ èkejì. Ibi tí wọ́n bá ti ń jó, tí wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn, ni mo kà. Ibi tí wọ́n bá ti ń jagun, mo máa ń ṣí i kọjá. Mo ní ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, wà lára àwọn tí Faransé kó lọ bá wọn jagun ní Algéríà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun. Nínú gbogbo agboolé wa ní Bantè, kò sẹ́ni tó mọ̀wé kà àfi èmi. Bàbá mi gbé àpòòwé náà lé mi lọ́wọ́. Ìyá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi, tó wá láti Lougba láti bá wa wa iṣu, dúró lẹ́yìn ìyá mi, erùpẹ̀ bo gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níbẹ̀, ìlà mẹ́ta, òǹtẹ̀ kan. Wọ́n ní ó ti kú.

Mo yẹ inú àpòòwé náà wò. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nílé wa, bí ẹnìkan bá kú sí ìdálẹ̀ tí wọn ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, àwọn tó bá wà níbẹ̀ á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ìyẹn la máa sin. Bí irun àti èékánná ò bá tíì dé, kò sí òkú, kò sí ọ̀fọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sunkún. Kò sí irun nínú àpòòwé náà. Kò sí èékánná. Èmi, pẹ̀lú ọgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá, mo sọ nínú ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì dá àwọn òyìnbó wọ̀nyí lójú. Mo gbé ojú sókè, mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò tíì rí i. Wọ́n ń wá a."

Ìyá mi fò sókè, ó jó. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ oníyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dì mọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á padà lẹ́nu wọn lẹ́yìn ìyẹn?

Ọdún kọjá. Kí n tó pé ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti mọ̀ dájú pé àwọn ológun òyìnbó kì í gé irun ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sílé. Mo dákẹ́. Lọ́dọọdún, Bàbá mi ń ya ogún ebè sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú oko. Iṣu ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́, ńṣe ni wọ́n ń tún un gbìn. Ìyá mi kú pẹ̀lú ojú lọ́nà. Àfẹ́sọ́nà náà dúró fún ọdún mẹ́sàn-án. Bí a bá ti ń wa iṣu, á fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Lougba, á bá wa ṣiṣẹ́, kó tó lọ á bi mí pé, "Ṣé lẹ́tà mìíràn ti dé?" Mo máa ń ní kò tíì dé. Nígbà tó rẹ àwọn òbí rẹ̀, wọ́n fi í fún bàbá arúgbó kan ní Lougba níbẹ̀, ó sì di ìyàwó kẹta.

Ìdí tí mo fi ń ṣí ojú ìwé ogun kọjá nìyẹn. Bí Bàbá mi bá mọ̀ lọ́jọ́ kan pé àwọn ológun òyìnbó kì í fi irun àti èékánná òkú ránṣẹ́, yóò mọ̀ pé ọmọ òun ti kú, yóò sì mọ̀ pé mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ọkọ̀ akẹ́rù dé pẹ̀lú eruku. Ẹni kìíní tó sọ̀ kalẹ̀ ni Bàbá mi, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ láti ilé dání, torí kò fọkàn tán àga ìjọba. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ta ló ní kí ẹ wá? Ebè ń dúró dè yín nílé."

Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ mi ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí n má wá gbọ́ ni, Màdáàmù?"

Màdáàmù ló máa ń pè mí bí ó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ẹnu mi. Kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí: ọ̀bẹ mìíràn ò mú tó tirẹ̀, ebè ẹlòmíràn ò ga tó, àwọn ṣọ́jà ò mọ̀ ju ariwo lọ, àwọn fadá ń jẹun jù.

Gbọ̀ngán tí wọ́n kó wa sí yẹn, ẹ gbà mí o! Ọ̀sán gangan ni, torí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kó àwọn èèyàn padà kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sinimá ò ṣeé wò nínú ìmọ́lẹ̀. Kí ni kamarádì wa ṣe? Ó ní kí wọ́n fi tapólì ọkọ̀ àti àpò èlùbọ́ dí gbogbo fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́. Gbogbo ilé ń rùn fún iṣu gbígbẹ àti òógùn. Ẹ̀rọ amúnáwá ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri, tí a fi ní láti máa pariwo kí wọ́n tó gbọ́ wa. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n ti ń wá ọ̀nà àbájáde kí àwòrán kìíní tó hàn. Èèyàn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Rẹfolúsíọ̀n ò tíì parí.

Èmi dúró lápá ọ̀tún, ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ dúró lápá òsì. Mi ò tíì rí ọ̀lẹ bíi tirẹ̀. Ọ̀gágun kan nínú sinimá yóò sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ baba rẹ̀ títí ìrùngbọ̀n rẹ̀ á fi gbọ̀n; èmi á là á yékéyéké fún àwọn ará Bantè, màá fi díẹ̀ kún un kó lè dùn; ọkùnrin yìí á ní, lédè Màhì, "Ó ní inú ń bí òun." Ó tán nìyẹn. Mo ń pòṣé. Mo ní nínú ara mi pé irú wọn ló ń sọ lẹ́tà àwọn èèyàn nù.

Sinimá ọ̀hún ńkọ́? Ijó, ijó, ijó. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ tó ń gbálẹ̀, àwọn ọkùnrin tó so idẹ káàkiri àyà, wọ́n ń tẹríba fún ara wọn ní yàrá kan tó tóbi ju ọjà Savalou lọ. Bàbá mi béèrè sókè pé, "Àwọn wọ̀nyí ò ní oko ni?" Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run, àwọn ará Agoua ní òwú ni. Wọ́n ní ẹ wo bí òwú ṣe pọ̀ níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ká a, ẹ wo ìyà. Mi ò tún un ṣe fún wọn. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé yìnyín fún nínú ooru yẹn?

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ń sáré gba inú oko ọkà tó ti gbó, ẹṣin ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iná ń jó o. Bàbá mi dìde dúró. "Ta ló gbin ọkà yìí? Ẹ ò kọ́kọ́ ká a kí ẹ tó jà?" Ọkùnrin kan láti Lougba ní àwọn olórí wọn ò ní làákàyè. Lójú tèmi, àlàyé tó dáa jù lọ nípa ìwé náà nìyẹn, ó sì dáa ju èyí tí àwọn sisita ṣe fún mi lọ.

Èéfín túká. Òkú ni ó kù, òkú lọ́tùn-ún, òkú lósì, lórí ọkà tó ti jó. Àwòrán náà ò lọ kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣọ́jà kan ń rìn láàárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀kan, ó wọ̀n ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó lọ. Ibẹ̀ ni fíìmù tí wọ́n ká sínú àwo irin tó wà lára ẹ̀rọ tán. Aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ ṣófo, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà ń wá àwo tó kàn, wọ́n sì ká tapólì sókè kí a lè mí.

Kamarádì bọ́ síwájú. Ó na ìkúùkù, àwa náà na tiwa. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ béèrè ìbéèrè, pé ìjọba fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí kọ́. Bàbá mi dìde, ó ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

Ó ní, "Mo kí yín o. Ìbéèrè mi ò pọ̀. Àwọn tó sùn sórí ọkà yẹn, ta ló gé irun wọn? Ta ló gé èékánná wọn lọ fún àwọn bàbá wọn nílé?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá Agoua ń mi orí pé ìbéèrè gidi ni. Mo yíjú sí kamarádì, mo sọ ọ́ fún un ní Faransé gẹ́lẹ́ bí Bàbá mi ṣe sọ ọ́. Òun ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré kan báyìí, láti imú. Kò mọ̀ pé bàbá mi ni. Ó ní, "Àwọn ará oko àti ìgbàgbọ́ asán wọn. Sọ fún arúgbó yẹn pé àwọn ọmọ ogun ará ìlú máa ń bu ọlá fún àwọn akọni wọn, pé orúkọ wọn ò ní parẹ́."

Inú bí mi débi pé etí mi ń pariwo. Irọ́ gbáà! Ṣé èèyàn tí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n bu ọlá fún? Èmi tó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, kí gbogbo èèyàn gbọ́ bí ó ṣe ṣófo tó, mo la ẹnu. Mo wo ojú Bàbá mi, bí ó ṣe di fìlà rẹ̀ mú. Mo ní:

"Bàbá, ó ní wọ́n máa ń gé gbogbo rẹ̀. Irun àti èékánná. Àwọn kan wà tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ yẹn nìkan. Bí ogun bá parí, wọ́n á dì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ orúkọ sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tí wọn ò bá gba tirẹ̀, á jẹ́ pé ó ṣì wà láàyè."

Kamarádì parọ́ ní gbólóhùn kan. Èmi parọ́ ní márùn-ún, mo tún fi ọ̀ṣọ́ sí i. Àwọn ìyá Agoua ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Lápá òsì, ọ̀lẹ ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ní, lédè Màhì, "Ó ní wọ́n máa ń bu ọlá fún wọn." Ó tán nìyẹn.

Ṣé ẹ rí ìwà òmùgọ̀ ẹni tó rò pé òun gbọ́n? Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń gan ọkùnrin yẹn, mi ò sì rántí lẹ́ẹ̀kan pé Bàbá mi ti ń ta iṣu fún àwọn Màhì ní ọjà Savalou kí wọ́n tó bí mi. Bí ó ṣe gbọ́ Ìṣà ló ṣe gbọ́ Màhì. Lójú tèmi, ẹni tí kò gbọ́ Faransé ò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá mi ò tíì jókòó. Ó wo ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ náà. Ó wá wò mí. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó jókòó, kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ kan títí sinimá náà fi tán.

Nígbà tí ọkọ̀ ń kó àwọn èèyàn, kò wọ ọkọ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀lé mi dé ilé. Mo bu omi fún un, kò mu ún. Mo ní kí n se nǹkan, ó ní kí n jókòó.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ò dárúkọ irun. Kò dárúkọ èékánná. Níbo ni ìwọ ti rí tìrẹ?"

Mo tún ti omi náà sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Ojú mi náà wà níbẹ̀. Bàtà ni wọ́n ń bọ́ lẹ́sẹ̀ òkú." Ó wá ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ka lẹ́tà fún wa?"

Mo sunkún. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún, kò sì bú mi. Ó ní ilẹ̀ bá mọ́, a jọ ń lọ sí Bantè.

Inú agolo bisikíìtì kan, lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ni lẹ́tà náà wà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó mú un fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo kà á. Mo kọ́kọ́ kà á ní Faransé, lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ ní Ìṣà, láìfi nǹkan kún un: pé ó kú lójú ogun, ní ọjọ́ báyìí, ní òwúrọ̀, pé wọ́n sin ín síbi tó ṣubú sí, pé wọ́n bá wa kẹ́dùn. Bàbá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n dá? Mo ka oṣù náà fún un. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀. Ó ní oṣù yẹn ni òun àti ìyá mi lọ bá àwọn ará Lougba sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó ní wọ́n gbé iṣu lọ. Ó wá sunkún, ó sunkún tó pọ̀, àwọn ará ilé sáré wọlé, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ohun tí a máa sin. Àwọn àgbà ilé jókòó. Ẹnìkan ní kí a sin lẹ́tà. Wọ́n ní ìwé kì í ṣe ara èèyàn. Àbúrò Bàbá mi obìnrin ló gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Ṣebí ikùn kan náà ni wọ́n ti jáde?" Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Irun mi tí mo fi òwú dì dáadáa fún sinimá yẹn, abẹ ló fá a kúrò lọ́jọ́ náà. Bàbá mi fi ọ̀bẹ iṣu rẹ̀ gé èékánná mi fúnra rẹ̀, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò yára. Ó dì í mọ́ aṣọ funfun. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá mi ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò bí wọ́n ṣe ń kó erùpẹ̀ bo irun ara mi. Lẹ́yìn náà Bàbá mi lọ wa iṣu inú ogún ebè yẹn, ó ní kí gbogbo ilé jẹ ẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú èyí tí a ó gbìn.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kamarádì wo orí mi, ó bi mí bóyá mo ti wọ inú ẹgbẹ́ òrìṣà kan tí ìjọba ń bá jà. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kú sójú ogun ni. Ó ní ogun wo? Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣíọ̀! Ìyẹn ti pẹ́." Ó ní kí n bá òun kọ ìròyìn fún Kùtọnu nípa bí àwọn àgbẹ̀ ṣe gbádùn sinimá náà. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé wọ́n gbádùn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin náà rí i pé mi ò dáa jù ú lọ.

Ó ku iṣẹ́ kan. Bàbá mi ti sọ fún mi kí n tó kúrò ní Bantè pé, "Lọ sí Lougba. Ìwọ ni kí o sọ fún un, kì í ṣe èmi." Mo wá àwáwí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbẹ̀yìn mo bẹ olùkọ́ kan, ó fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi lọ.

Mo bá àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀, ó ń gé iṣu tó fẹ́ sá. Ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó rí orí mi, ó mọ̀ pé ìròyìn ikú ni mo mú wá, ó béèrè bóyá Bàbá ni. Mo ní rárá. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: lẹ́tà, àpòòwé, irun, èékánná, irọ́. Ó ń gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lórí iṣu náà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọmọdé ni mí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn."

Ó ní, "Mo gbọ́. Nígbà tí mo tún wá lọ́dún kejì, tí mo bi ọ́ léèrè lẹ́tà, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Mo ní mẹ́tàlá.

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní kí n máa kà á lọ. Mo ń kà á, ó ń gé iṣu, a bọ́ sí mẹ́rìndínlógún, a bọ́ sí ogún, títí a fi dé mọ́kànlélógún. Ibẹ̀ ló ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Ọdún yẹn ni wọ́n gbé mi wá sílé yìí. O wá síbi ìgbéyàwó mi."

Mo ní mo wá.

Ó ní, "O jó."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo jó."